Mo Lé Onígbọ̀wọ́ Lọ Nítorí Orúkọ Ọkọ Mi

Èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ka ìyókù, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mo lè rò ó títí àánú mi á fi máa ṣe yín, bẹ́ẹ̀ àánú kọ́ ni mo wá tọrọ.

Ìyá Ayọ̀ ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní Ìbà. Olùkọ́ ni mí, ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀tọ̀-Àwórì ni mo fẹ́. Gbénga ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà ní Ojo. Òun ló dá ẹgbẹ́ eré-ìje wa sílẹ̀.

Kì í ṣe ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, èyí tí imú rẹ̀ máa ń gbé sókè bó bá ń fò lórí omi. Wọ́n á gba ọ̀sà láti Ojo lọ dé ibi tó ti pàdé òkun, ojú agbami ni wọ́n á sì ti máa lé ara wọn. Èèyàn méjì ló ń wà nínú ọkọ̀ kan: ọ̀kan á máa tu ọkọ̀, èkejì á máa fún ẹ́ńjìnnì níná.

Nígbà tí Gbénga kú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá bá mi nílé, wọ́n ní èmi ni kí n jẹ́ alága. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, pé mi ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Yínúsà, awakọ̀ wa tó mọ iṣẹ́ jù, ló dá mi lóhùn. Ó ní bí ẹlòmíràn bá gorí àga yẹn, ìjà ló máa dà, pé ojú mi nìkan ni gbogbo wọn lè máa wò tí wọn ò fi ní túká.

Mo gbà. Ẹ wò ó, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní alága.

Ọkọ̀ tí Yínúsà ń wà ni èyí tó dára jù nínú ẹgbẹ́. Gbénga ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kò gbé e fún ayàwòrán, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, àwọn lẹ́tà náà sì wọ́ bí ẹni tó ń kọ̀wé lórí orúnkún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí mo bá dé èbúté ní Sátidé, màá dọ́gbọ́n rìn gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn kọjá, màá fi ọwọ́ ra á. Ọkọ mi kò ní ibojì tí mo lè máa lọ jókòó sí nítòsí. Ibẹ̀ ni mo ti ń kí i.

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin kan wá sí èbúté. Elizabeth ni orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Ọjà Àlàbá, àwọn tó ń kó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọlé láti òkè òkun. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ó dúró wo Yínúsà àti Lékan, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbára dì lórí ọ̀sà. Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi nínú àgọ́ pákó tí a fi ṣe ọ́fíìsì.

Ó ní àwọn fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ wa. Wọ́n á fún wa ní ẹ́ńjìnnì tuntun. Wọ́n á fún gbogbo awakọ̀ ní akoto àti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì gidi. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á fún wa ní ọkọ̀ ìdóòlà tí nọ́ọ̀sì á máa wà nínú rẹ̀, tí á máa tẹ̀lé wa lọ sójú òkun nígbàkigbà tí a bá fẹ́ sáré.

Díẹ̀ ló kù kí n dìde dì mọ́ ọn. Nígbà yẹn, ọkọ̀ bàbá apẹja kan ni a máa ń bẹ̀ pé kó tẹ̀lé wa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a sì máa wúkọ́ bí arúgbó.

Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Ó ní kò pọ̀. Àwòrán Yínúsà àti Lékan á wà lára pátákó ìpolówó wọn. Wọ́n á sì fi àwọ̀ ilé-iṣẹ́ kun ọkọ̀ náà, wọ́n á kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí i.

"Níbo lára rẹ̀?" mo bi í.

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mà. Ibẹ̀ ló máa ń hàn jù nínú fídíò."

Mi ò bi í bóyá ó lè jẹ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn. Mi ò sọ fún un pé orúkọ olóògbé ló wà níbẹ̀. Mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní màá gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ẹgbẹ́.

Láyé Gbénga, bó jẹ́ okùn ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, gbogbo wọn á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kóówá á sọ tẹnu rẹ̀. Èmi ò pe ẹnì kankan jókòó.

Mo délé, mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní onígbọ̀wọ́ mìíràn á wá, èyí tí kò ní í fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo ní bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n á gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tuntun á ti wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á ti gbàgbé ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí wọn lórí ohun tí wọn ò tíì ṣe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ wa ní Okokomaiko gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí gbogbo wa. Mo ṣe Àmín. Ohùn mi wà lára èyí tó ròkè jù.

Nígbà tí Elizabeth pè mí lórí fóònù, mo ti to irọ́ mi dáadáa. Mo ní kó má bínú, pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò fẹ́. Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé kí ló dé, mo sì nílò ẹni tí màá di ẹ̀bi lé lórí.

"Yínúsà ló kọ̀ ọ́ jù," mo sọ fún un. "Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun polówó ọjà."

Elizabeth ní ó ya òun lẹ́nu, pé ọkùnrin náà kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, irọ́ mìíràn ni mo pa. Mo ní ilé-iṣẹ́ náà ti yí ọkàn padà. Lékan pòṣé, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀. Yínúsà ní tirẹ̀ wò mí lójú, ó rí i pé inú mi kò dùn, ó sì rò pé ìjákulẹ̀ ló fà á. Ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí púpọ̀, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run á pèsè. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí n fi ìrònú wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé mi sẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ní Ìbà.

Mo di èjìká rẹ̀ mú títí a fi dé, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á lórúkọ jẹ́.

Ọlọ́run tún fún mi láǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Yínúsà àti Lékan gba ipò kìíní nínú eré-ìje kan tó tẹ̀lé e, fídíò rẹ̀ sì kárí orí fóònù. Elizabeth tún pè. Ó ní ọ̀gá òun rí i, pé wọ́n ṣì fẹ́ wa. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun bá Yínúsà sọ̀rọ̀ fúnra òun, bóyá òun lè yí i lọ́kàn padà.

Mo sọ fún un pé Yínúsà le, pé kì í bọ̀wọ̀ fún obìnrin, pé ó lè bú u. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Yínúsà ní èbúté, mo ní àwọn gbájú-ẹ̀ kan ń kiri tí wọ́n ń pe ara wọn ní onígbọ̀wọ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá wá bá a, kó yẹra fún un, kó wá sọ fún èmi.

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nígbà tí Elizabeth wá sí èbúté láìsọ fún mi, ó kí Yínúsà, Yínúsà dá a lóhùn jẹ́jẹ́, ó sì kọjá lọ. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo fi ojú mi rí i. Elizabeth yíjú sí mi bí ẹni tó ń sọ pé òótọ́ lẹ sọ, mà. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ìgbà yẹn, mi ò lè fara da kí ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá ní ká jókòó, màá ní mi ò ráàyè. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí a wá onígbọ̀wọ́ dé, màá bi wọ́n bóyá àwọn ló mọ ìwé jù mí lọ. Awakọ̀ méjì bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí eré-ìje ńlá ti ìparí ọdún kù dẹ̀dẹ̀, Lékan wá bá mi. Ó ní òkun ti ń ru, pé ọkọ̀ bàbá apẹja yẹn kò ṣe é gbẹ́kẹ̀lé mọ́.

"Ìyá Ayọ̀, bí nǹkan bá ṣe wá lójú òkun, ta ló máa gbé wa?"

Mo ní ṣé kì í ṣe ọkọ̀ yẹn náà ló ń tẹ̀lé wọn nígbà tí ọ̀gá wọn wà láyé ni. Mo ní bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó sọ, kí n wá ẹlòmíràn.

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ eré-ìje náà, etí òkun ni mo dúró sí pẹ̀lú àwọn èrò. Ọkọ̀ wa ló ṣíwájú. Mo rí i tó gun ìgbì kan, imú rẹ̀ gbé sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dojú dé. Kò tilẹ̀ dún létí wa. Ariwo àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù ló bò ó.

Mo wá ọkọ̀ bàbá apẹja náà kiri pẹ̀lú ojú. Mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán, kò kúrò lójú kan. Bàbá náà dìde dúró nínú rẹ̀, ó ń fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó ń fà á, ó tún ń fà á. Kò dáhùn.

Gbogbo ẹni tó wà létí òkun ń pariwo. Èmi, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ yẹn fẹ́ fún wa ni mo ń rí lójú mi, bó ṣe yẹ kó ti máa já omi lọ bá wọn.

Àwọn apẹja mìíràn tó ń ti ibòmíràn bọ̀ ló padà gbé wọn. Nǹkan kan ò ṣe Lékan. Òun ló gbé orí Yínúsà sókè lórí omi ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí ọwọ́ ọ̀tún Yínúsà há sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ti fọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ti lọ jù. Dókítà sọ fún Bímpé, ìyàwó rẹ̀, pé ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, àwọn ì bá gbìyànjú láti tún ọwọ́ náà ṣe. Wọ́n gé e lókè ìgúnpá.

Mo ń lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń se oúnjẹ lọ. Bímpé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ìyá tó bí Yínúsà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi, Bímpé àti Lékan yí ibùsùn Yínúsà ká. Lékan jókòó létí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń bó ọsàn fún un. Ìgbà náà ni Elizabeth wọlé pẹ̀lú àpò èso.

Mo tẹjú mọ́ ọsàn tí mo ń bó.

Ó kí gbogbo wa. Ó súnmọ́ Yínúsà, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ó ní òun mọ̀ pé kò fẹ́ tàwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbọ́, òun ò lè jókòó sílé.

Yínúsà wò ó. Ó ní kó má bínú, òun ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó bi í bóyá obìnrin tó kí òun ní èbúté lọ́jọ́sí ni.

Elizabeth ní òun ni. Ó ní òun wá láti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, tí Yínúsà sọ pé òun ò fẹ́.

"Èmi kẹ̀?" Yínúsà ní. "Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

Elizabeth rọra yíjú sí mi. Gbogbo wọn tẹ̀lé ojú rẹ̀.

Mo ti ronú nípa ìṣẹ́jú yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ṣì lè purọ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, mo ti fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ló ṣì wá gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ilé ìwòsàn tí Yínúsà wọ̀ ni mo ń wò, bí apá rẹ̀ kan ṣe ṣófo tí wọ́n ká a mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú pín-ìn-nì.

"Èmi ni mo sọ ọ́," mo ní. "Yínúsà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Lékan dìde. Ó bi mí pé ilé-iṣẹ́ tí mo ní ó yí ọkàn padà ńkọ́. Mo ní kò yí ọkàn padà. Ó bi mí pé ọkọ̀ ìdóòlà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fún wa bí. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó jáde kúrò nínú yàrá náà, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún ní kọ̀rídọ̀.

Mo sọ ìdí rẹ̀. Mo ní nítorí orúkọ Bàbá Ayọ̀ ni, pé wọ́n fẹ́ kun ọ̀dà bò ó. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mo ń gbọ́ bó ṣe kéré tó.

Elizabeth gbé àpò èso rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo rò pé orúkọ ọkọ̀ lásán ni, mà," ó ní. "Ẹ ò sọ fún mi. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, à bá fi í sílẹ̀, ká kọ tiwa síwájú."

Bímpé rìn wá síbi tí mo jókòó, ó gba ọsàn àti ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó gbé wọn sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mà."

Mo lọ.

Wọ́n pe ìpàdé, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti di alága. Mi ò gbèjà ara mi. Wọ́n yọ mí, wọ́n fi Lékan sípò. Wọ́n lọ bá ilé-iṣẹ́ Elizabeth, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ti gba ẹgbẹ́ mìíràn sọ́wọ́, wọn ò lè gba méjì. Ayọ̀mikún ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìta kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó bi mí bóyá mo rò pé inú bàbá òun á dùn sí i.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe olórí lórí ohunkóhun, bó ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò ni o, bó ṣe ẹgbẹ́ akọrin ni, ẹ má ṣe dá ìpinnu àwọn èèyàn yín ṣe nínú yàrá yín. Èmi dá a ṣe. Mo pè é ní ìfẹ́ ọkọ. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Oṣù tó kọjá ni mo tó ní ìgboyà láti lọ sí ilé Yínúsà ní Okokomaiko. Bímpé ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Yínúsà, èmi tí mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mi ò dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan bí mo ṣe ní kì í bọ̀wọ̀ fún obìnrin, èyí tí kò tíì gbọ́.

Ó ní òun ti ń bínú lórí ọwọ́ náà, pé ìbínú yẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní ohun mìíràn ló ń dun òun jù.

"Ẹ ò bi wá, Ìyá Ayọ̀. Ká ní ẹ pè wá jókòó ni, èmi gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ pa orúkọ Ọ̀gá rẹ́."

Mo ní kó dárí jì mí.

"Mo ti gbọ́, mà," ó ní.

Mo dìde nílẹ̀.

Mo fẹ́ máa lọ, ó ní oòrùn ń mú, kí n mu omi ná. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ bu ú wá. Bó ṣe fẹ́ na ife náà sí mi, ó dá ọwọ́ dúró, ó wo ọwọ́ náà, ojú sì tì í.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ọwọ́ òsì ni."

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbà á.